Orúkọ Tó Wà Nísàlẹ̀ Pátákó

Ọmọ mi, Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀,

Mo kí ọ títí dé orí àga tí o jókòó sí ka ìwé yìí. Ṣé o jí dáadáa, ṣé ara ò ro ọ́, ṣé onílé kò yọ ọ́ lẹ́nu? Ọlọ́run tó mú ọ dé ìlú ńlá kò ní jẹ́ kí ìlú náà gbé ọ mì. Bí o bá bèèrè tèmi, mo wà láàyè, mò ń jẹun, orúnkún ọ̀tún nìkan ló ń hùwà bí ẹni pé kì í ṣe ara mi ló wà. Má bínú pé lẹ́tà inú ìwé yìí tóbi tó báyìí tí abala rẹ̀ sì pọ̀. Ojú mi kò rí kékeré mọ́, bí mo bá kọ ọ́ kéré, ìwọ lo máa rí i kà, èmi tí mò ń kọ ọ́ kò ní mọ ohun tí mo sọ.

Ilé wà bó o ṣe fi í sílẹ̀. Atẹ́gùn ṣí páànù kan lórí yàrá tí a ń tọ́jú ọ̀dà sí, mo sì ti fi pátákó àtijọ́ kan dí i, èyí tí télọ̀ kọ̀ lọ́jọ́sí nítorí ó ní ọkùnrin tí mo yà sí i sanra ju òun lọ. Bí òjò bá ti ń rọ̀ báyìí, orí télọ̀ ló ń bọ́ sí, ara èmi gbẹ.

Ọ̀rọ̀ tó o fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi dé. Ọjọ́ kẹta ni mo tó mọ̀, torí mo rò pé àwọn tó máa ń sọ pé mo ti jẹ ẹ̀bùn mọ́tò ni. Obìnrin tó ń tún fóònù ṣe níwájú ilé ìfìwéránṣẹ́ ló kà á fún mi, mo ní kó tún un kà, ó tún un kà. O ní o ti ṣí ìkànnì kan sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tí àwọn èèyàn ti lè rí lẹ́tà pátákó tó ò ń fi ọwọ́ kọ fún ṣọ́ọ̀bù àti iléeṣẹ́, pé iṣẹ́ náà dára ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń yà síbẹ̀. O ní ẹ̀rọ kan wà tí gbogbo ayé ń bi léèrè pé níbo ni nǹkan wà, òun ló sì ń to àwọn oníṣẹ́ tẹ̀léra, àti pé ojú ìwé kọkànlá ló tò ọ́ sí, tí ẹnikẹ́ni kì í sì í ṣí nǹkan dé ibẹ̀. O ní kì í ṣe pé ó kórìíra rẹ, pé ohun tó ń wò ni bí àwọn ìkànnì mìíràn tó ní láárí ṣe ń tọ́ka sí tìrẹ tó, ìyẹn tí wọ́n ń pè ní líǹkì. O ti kọ̀wé sí èèyàn tó lé ní igba pé kí wọ́n jọ̀ọ́ dárúkọ rẹ lójú ìwé tiwọn, ẹni mẹ́ta péré ló dáhùn. O ní kí n máa gbàdúrà, pé bí kò bá yí padà kí ọdún yìí tó parí, wàá pa iṣẹ́ lẹ́tà tì, wàá lọ jókòó síbi tí wọ́n ti ń dáhùn fóònù fún iléeṣẹ́ kan.

Mo gbàdúrà. Lẹ́yìn náà mo jókòó ti ọ̀rọ̀ náà. Obìnrin fóònù ní ẹ̀rọ lásán ni, pé kò sí èèyàn kankan nínú rẹ̀. Mo gbà fún un nítorí ìwà rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n mo ti dàgbà ju kí n gbà pé irin lè dá ẹni tó ní láárí mọ̀ yàtọ̀ sí ẹni tí kò ní. Ó dájú pé ìránṣẹ́ ìjọba kan ló ń rìn kiri tó ń ka ara ògiri, tó ń wo ẹni tí àwọn èèyàn gidi ń tọ́ka sí, tó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ti sọ ọ́ ní Alágbà Awárí. Ohun tó ń ṣe kò sì burú lójú mi, torí ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Bí àjèjì bá kan ilẹ̀kùn, ṣebí a máa bi í pé ta ló mọ̀ ọ́n ládùúgbò yìí.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti wá gún mi. Ta ló yẹ kó kọ́kọ́ tọ́ka sí ọ, ọmọ mi? Ìwọ náà mọ òfin iṣẹ́ wa. Bí pátákó bá ti gbẹ, ẹni tó kọ ọ́ á fi búrọ́ọ̀ṣì tó kéré jù lọ kọ orúkọ rẹ̀ sí igun ìsàlẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ràn rẹ̀ lè mọ ọ̀nà ilé oníṣẹ́. Bí ó bá yé mi dáadáa, líǹkì nìyẹn. Gbogbo pátákó tó jáde láti ilé wa, ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ni Onípátákó ló kọ ọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, èmi Onípátákó kọ́ ni mo kọ ọ́.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí pátákó ilé ìwòsàn. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni ọ́ nígbà yẹn. Ibà dá mi dùbúlẹ̀, ọjọ́ tí a dá fún wọn sì ti pé, lo bá gun àkàbà lọ fún ọjọ́ méjì, o kọ ọ́ tán láìfa ìlà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Nígbà tí ara mi yá tí mo lọ wò ó, inú mi dùn, inú mi sì bà jẹ́, torí mo ti lo ọgbọ̀n ọdún nídìí iṣẹ́ yìí, n kò kọ irú rẹ̀ rí. Mo mú búrọ́ọ̀ṣì kékeré, mo kọ orúkọ mi sí igun rẹ̀. Lọ́jọ́ tí dókítà àgbà mú àlejò wá tó bi mí pé ọwọ́ ta nìyí, mo ní tèmi ni. O wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, o gbé agolo kẹrosíìnì dání. O tẹrí ba, o ń fọ búrọ́ọ̀ṣì lọ. Nígbà tí a délé mo sọ fún ìyá rẹ pé ọmọ wa gbẹ̀kọ́. Ìyá rẹ wò mí, ó gbé oúnjẹ mi kalẹ̀, ó bọ́ síta. Láti ọjọ́ yẹn ni iṣẹ́ ti ń wọlé fún mi. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi kò pé ogún, ọdún mẹ́tàdínlógún ló lò.

Nítorí náà mo kó sáńpépà, mo gbé kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì kékeré, mo sì ń lọ láti ògiri dé ògiri. Ojú mi kò lè dá tìrẹ mọ̀ sí tèmi mọ́, ọmọ ìka mi ló ń bá mi wò ó. Tèmi máa ń ní òkè létí lẹ́tà, torí mo máa ń ki búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà jù, tìrẹ tẹ́jú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo rí mẹ́tàlá tí òjò kò tíì jẹ tán, láìka ti ilé ìwòsàn. Lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo pe onílé jáde, mo sọ fún un pé kì í ṣe èmi ni mo kọ eléyìí, ọmọ mi obìnrin ló kọ ọ́, mo gba iyì rẹ̀ jẹ. Mo wá pa tèmi rẹ́, mo kọ Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ ló kọ ọ́, mo sì kọ àdírẹ́sì ìkànnì rẹ sí i bí obìnrin fóònù ṣe kọ ọ́ fún mi, pẹ̀lú gbogbo àmì tó wà láàárín rẹ̀ tí n kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo wọn ló gbà á wẹ́rẹ́. Oníbúrẹ́dì bínú gan-an. Ó ní ọwọ́ àgbà lòun sanwó fún, pé òun kò mọ̀ pé ọmọdé ni mo gbé iṣẹ́ òun fún. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní kó rántí bóyá ẹnì kan ti ka pátákó náà rí tó sì ṣìnà lọ sọ́dọ̀ oníbúrẹ́dì mìíràn. Ó ronú sí i, ó wọlé, ó jáde, ó wá bi mí pé ṣé ìwọ ọmọ mi náà lo ya búrẹ́dì tó ń rú èéfín yẹn. Mo ní ìwọ ni. Ó ní kí n kọ orúkọ rẹ kó tóbi díẹ̀ sí i.

Ọkùnrin tó ń ta káàdì fóònù ní oríta gbọ́ ohun tí mò ń ṣe, ó wá bá mi pé òun lè ta ẹgbẹ̀rún líǹkì fún mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Orí mi wú díẹ̀, n kò purọ́. Ṣùgbọ́n mo bi obìnrin fóònù, ó ní ohun tí ẹ̀rọ náà kórìíra jù nìyẹn, pé bó bá mọ̀ pé ẹnì kan ra líǹkì, á rì í mọ́lẹ̀ kọjá ojú ìwé kọkànlá. Mo padà lọ sọ fún ọkùnrin náà pé mi ò ra ẹlẹ́rìí. Irọ́ ẹyọ kan ni mo ṣì ń pa rẹ́ lọ́wọ́ yìí, kò yẹ kí n lọ ra ẹgbẹ̀rún lé e.

Mo rò pé Alágbà Awárí dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan. Mo rí ọkùnrin kan tó wọ kakí, ó gbé ìwé ńlá dání, ó ń wo ìsàlẹ̀ ògiri ilé kan tẹ̀lé òmíràn, ó sì ń kọ nǹkan sílẹ̀. Mo fún un lómi, mo mú un káàkiri pátákó mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlá nínú oòrùn, mo sọ ìtàn ọ̀kọ̀ọ̀kan fún un. Èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ ni, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán kó tó sọ fún mi pé mítà omi lòun ń kà. Mo ní kò burú, kó ṣáà bá mi jíṣẹ́ fún ọ̀gá rẹ̀, torí inú ìjọba kan náà ni wọ́n wà.

Ilé ìwòsàn ni mo fi ṣe ìkẹyìn, torí ẹ̀rù ibẹ̀ bà mí jù. Dókítà àgbà ti fẹ̀yìn tì, nọ́ọ̀sì àgbà ni mo bá, ẹni tó ti ń yìn mí láti ìgbà tí irun orí mi ṣì dúdú. Mo sọ ọ́ tán, kò bá mi wí. Ó ní òun mọ̀. Ó ní láti fèrèsé yàrá abẹ́rẹ́ lòun ti rí ọ lórí àkàbà fún ọjọ́ méjèèjì, pé òun ń retí ọjọ́ tí èmi fúnra mi máa sọ ọ́. Ọmọ mi, ojú tì mí débi tí n kò mọ ibi tí mo máa gbé fìlà mi sí. Ó wá ní ilé ìwòsàn náà ní ìkànnì tirẹ̀ báyìí, àwòrán pátákó yẹn ló sì wà níwájú rẹ̀. Ó pe ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀, wọ́n kọ orúkọ rẹ sábẹ́ àwòrán náà, bí èèyàn bá fọwọ́ kàn án, ọ̀dọ̀ rẹ ló máa bá ara rẹ̀.

Obìnrin fóònù ní èyí gan-an ni líǹkì tòótọ́, pé ti ara ògiri dára fún ẹ̀rí ọkàn mi. Ó ní kí n fọwọ́ kàn án. Mo fọwọ́ kàn án, nǹkan ṣí, ó ní àwòrán rẹ nìyẹn. Mo gbé e súnmọ́ ojú, ìmọ́lẹ̀ nìkan ni mo rí. Mo ní kó sọ fún mi bó o ṣe rí. Ó ní o ti ń lo awò ojú, pé o fẹ́ jọ mí níwájú orí. Lánàá ó ní o ti dé ojú ìwé kẹsàn-án. N kò mọ àwọn tó dìde fún ọ níbẹ̀, ṣùgbọ́n bá mi kí wọn.

Ó wá ku ẹyọ kan. O mọ èyí tí mò ń sọ.

Ìwọ lo kọ orúkọ ìyá rẹ sára òkúta ibojì rẹ̀. O ní kí ẹnikẹ́ni má dúró tì ọ́, a sì fi ọ́ sílẹ̀. Nígbà tó gbẹ, mo lọ síbẹ̀, n kò mọ ohun tó ṣe mí, ó ti mọ́ ọwọ́ mi lára, mo kọ Onípátákó ló kọ ọ́ sísàlẹ̀, níbi ẹsẹ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì lo rí i. Kí oṣù yẹn tó parí o ti di ẹrù rẹ, o ní iṣẹ́ wà nílùú ńlá, o dágbére fún mi dáadáa, o lọ. Ọdún mẹ́rìnlá rèé. O ń fi owó ránṣẹ́, o ń bèèrè àlàáfíà mi, ẹsẹ̀ rẹ kò tẹ ilé yìí. Mo máa ń sọ fún àwọn èèyàn pé iṣẹ́ kò jẹ́ kó o ráàyè.

Mo lọ síbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Odidi òwúrọ̀ ni mo fi pa tèmi rẹ́, díẹ̀díẹ̀, kí sáńpépà má bàa kan lẹ́tà tìrẹ. Mo sọ ohun tí mò ń ṣe fún ìyá rẹ bí mo ṣe ń ṣe é. Nígbà tó mọ́ tán, mo ki búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà láti kọ orúkọ rẹ, ọ̀dà sì kán sí koríko. Mo gbé e sókè. Mo ti ba iṣẹ́ náà jẹ́ lẹ́ẹ̀kan, n kò ní bà á jẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Mo fi àyè náà sílẹ̀ lófìfo. Ó fẹ̀ tó ìka mẹ́rin, ó mọ́, kò sẹ́ni tó máa kọ nǹkan kan síbẹ̀ bí kò ṣe ìwọ.

Nọ́ọ̀sì ní ohun tó bo ojú mi ṣeé ṣí, ṣùgbọ́n àwọn tó wà níwájú mi pọ̀, èmi náà wà lójú ìwé kọkànlá tèmi. Kí ó tó kàn mí, mo ṣì lè rí èèyàn bí ó bá dúró sínú ìmọ́lẹ̀. Mo fẹ́ rí ọ nígbà tó o bá ń gbé búrọ́ọ̀ṣì sókè ní ìparí lẹ́tà. Ìdí tí mo fi kọ ìwé yìí nìyẹn.

Bí agbára bá wà, bá mi wá owó páànù kan, torí ojú télọ̀ ti ń bó lórí òrùlé, ó sì ń dùn mí. Mo tún fẹ́ agolo kékeré kan, ọ̀dà dúdú tí oòrùn kì í jẹ, kò sí irú rẹ̀ níbí. Èyí, má fi owó rẹ̀ ránṣẹ́. Mú un dání wá.

Olúwa yóò fi ẹnu rere sára rẹ. Àwọn tó mọ̀ ọ́ kò ní sẹ́ ọ. Ibi tí wọ́n bá ti ń bèèrè ẹni tó mọ iṣẹ́, orúkọ rẹ ni wọn yóò kọ́kọ́ dá. Bí ọwọ́ bá sì ṣe iṣẹ́ lábẹ́ òrùlé rẹ, kí Ọlọ́run fún ọ ní ẹnu láti sọ ọwọ́ ẹni tó jẹ́, èyí tí bàbá rẹ kò ní.

Bàbá rẹ ló kọ ọ́. Eléyìí, tèmi ni.