Káàdì Bàbá Wà Nínú Agolo Iyọ̀

“Wọn ò lè gba ohun tí wọn ò bá rí!” Bàbá ló ṣẹ̀ṣẹ̀ pariwo bẹ́ẹ̀ láti yàrá, Bùọ̀dá mi, wọ́n sì ní kí n kọ ọ́ bó ṣe jáde lẹ́nu àwọn. Inú ìwé ara mi ni mo kọ́kọ́ ń kọ ọ́ sí, màá dà á kọ tó bá yá.

Bàbá kí yín. Wọ́n ní ibi tí ẹsẹ̀ àwọn ẹgbẹ́ yín bá ti ń yọ̀, tiyín á dúró ṣinṣin níbẹ̀. Ìyá náà kí yín, àmọ́ wọn ò bá Bàbá sọ̀rọ̀ láti ìjẹta tí wọ́n ti ki ọwọ́ bọ agolo iyọ̀ tó jẹ́ láísẹ́ǹsì ọkọ̀ Bàbá ni wọ́n fà jáde.

Ọ́fíìsì láísẹ́ǹsì ló kọ̀wé pé kí Bàbá wá ṣe àyẹ̀wò ojú lọ́jọ́ Ẹtì. Bí wọn ò bá rí lẹ́tà ara ògiri kà, ọ́fíìsì á gba káàdì náà, ó di ọjọ́ tí wọ́n bá lo gíláàsì kí wọ́n tó rí i gbà padà. Bàbá ní gíláàsì kẹ̀, ṣé àwọn ti di akọ̀wé ni? Wọ́n ní ṣé olùkọ́ máa ń padà wá yọ òǹkà tó ti kọ́ ọmọ kúrò lórí rẹ̀? Wọ́n tún ní ojú tàwọn lẹ fi ń ríran, àwọn ló bí i mọ́ yín, kí ẹ gbé e lọ sí ọ́fíìsì tó wà ní ìgboro, kí ẹ bá àwọn ka lẹ́tà náà.

Bùọ̀dá mi, Bàbá ò ní kí n kọ eléyìí o, wọn ò sì lè rí i kà. Láti ìgbà òjò, èmi ni mò ń jókòó níwájú bọ́ọ̀sì iléèwé tí Bàbá ń wà, tí mo bá ní “ewúrẹ́,” wọ́n á tẹ bíréèkì. Ní Mọ́ńdè Bàbá pè mí ní ọ̀lẹ, mo bá di kunkun, mi ò pe ohun tó wà lọ́nà fún wọn mọ́. Ni Bàbá bá dúró ti ère tí télọ̀ fi ń pàtẹ aṣọ, wọ́n ní kí ìyá ọmọ jọ̀ọ́ wọ bọ́ọ̀sì, ilẹ̀ ń ṣú. Ère ò dáhùn. Wọ́n ní obìnrin yìí gbéra ga o. Àwọn ọmọ mẹ́tàdínlógún tó wà lẹ́yìn rẹ́rìn-ín títí, èmi náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ìgbà tó yá ni mo rò ó pé, ká ní èèyàn ló dúró láàrin títì ńkọ́?

Bàbá ní bí ẹ ò bá lè wá, kí ẹ fi owó ọkọ̀ tí àwọn á fi lọ lọ́jọ́ Ẹtì ránṣẹ́, kí ẹ fi owó iyọ̀ Ìyá kún un. Wọ́n ní ojú yín ò ní ríbi, ọ̀nà yín ò ní dí.

Ó parí síbẹ̀. Mi ò ní da èyí tó kù yìí kọ.

Bàbá rán mi lọ sí ilé ìwòsàn lánàá pé kí n da àwọn lẹ́tà ara ògiri ibẹ̀ kọ wá, ọ̀kan náà ni pẹ̀lú ti ọ́fíìsì, káwọn lè há wọn sórí. Mo dà wọ́n kọ dáadáa. Wọ́n ń dúró dè mí ní pálọ̀ báyìí, wọ́n ti wẹ̀, wọ́n jókòó bí ọmọ iléèwé. Màá kọ́ wọn títí wọ́n á fi mọ̀ ọ́n bí orúkọ ara wọn, àmọ́ kò sí ìlà kan tí màá kà fún wọn bó ṣe wà lára ògiri.