Àwọn Kúbùsù Tuntun

Ọjọ́bọ̀, alẹ́. Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà.

Inú ń bí mi, n kò sì mọ ẹni tí ǹ bá bínú sí.

Lánàá ni mo fi owó tí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì mi ní Lọ́ńdọ̀nù dá jọ ra kúbùsù fún gbogbo ọmọ tó wà nílé àwọn ọmọ aláìlóbìí yìí. Wọ́n fi bora, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, mo ya fọ́tò, mo sì fi ránṣẹ́ sílé lọ́hùn-ún.

Ọyẹ́ mú gan-an lónìí. Mo lọ kí àwọn ọmọ pé ó dàárọ̀, àfi bí mo ṣe bá wọn tí wọ́n fi ògbólógbòó ìró bora.

"Kúbùsù yín dà?"

Ṣadé, ọ̀kan nínú wọn, ní, "Àǹtí, Màmá ti kó wọn sí sítọ̀. Wọ́n ní a máa tètè bà wọ́n jẹ́."

Mo lọ bá Màmá tó ń tọ́jú wọn.

"Ọmọ mi, bí àlejò bá dé ńkọ́? Ṣé inú àkísà ni kí wọ́n ti wá bá àwọn ọmọ?"

Ìyá tó bí mi náà ní àwo tí a kì í fi jẹun àfi bí àlejò bá dé. Ṣùgbọ́n fọ́tò yẹn...

Òtútù lé mi wọ yàrá. Mo fa kúbùsù bora, òórùn ọjà tuntun ń ta sí mi nímú. Ọ̀kan ṣoṣo tí Màmá ò kó sí sítọ̀, èmi ni wọ́n tẹ́ ẹ fún.