Márùn-ún Tí Mo Kọ Ní Mẹ́rin

Mọ́mì mi,

Ẹ kú ilé o. Ara mi le, mo ń jẹun dáadáa, òtútù Nairobi yìí kò tilẹ̀ ṣe mí ní nǹkan kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wo fídíò tí wọ́n ń gbé kiri. Lóòótọ́ ni wọ́n yọ mí kúrò nínú ìdíje gọ́ọ̀fù yẹn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ káàdì tí a ń kọ iye tí a gbá sí lásán ni.

Nínú eré tiwa, kò sí rẹfirí tó ń tẹ̀ lé èèyàn káàkiri. Fúnra ẹni lèèyàn ń jẹ́wọ́ àṣìṣe rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, bọ́ọ̀lù mi wọ inú koríko gíga. Bí mo ṣe fẹ́ gbá a, ọ̀pá mi kàn án, ó sì yí. Mo dá a padà sáyè rẹ̀. Ó yẹ kí n fi ẹyọ kan kún iye tí mo gbá, kó di márùn-ún. Mo bojú wẹ̀yìn, n kò rí ẹnì kankan. Mo kọ mẹ́rin, mo sì fọwọ́ sí i.

Ọ̀gá àwọn tó ṣètò ìdíje náà bi mí pé, "Mẹ́rin àbí márùn-ún?" Mo ní mẹ́rin. Ìgbà náà ló tó tan fídíò ibi tí mo ti ń dá bọ́ọ̀lù náà padà.

Ẹ sọ fún Bàbá pé ìṣirò ló dà rú mọ́ mi lójú. Rárá, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn ló fi ìkarahun etí òkun kọ́ mi ní oókan, eéjì, nígbà tí wọ́n ń ṣe tíṣà ní erékùṣù Topo.

Ẹ bá mi kí wọn. Tí fọ́tò mi bá ṣì wà lára ògiri kíláàsì tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ bá mi yọ ọ́ kí àwọn ọmọ tó dé lọ́jọ́ Ìsinmi.

Èmi ni,
Tẹjúmádé yín.