Sìmẹ́ńtì Ti Jẹ Ìka Mi

Àǹtí Ọmọ́wùnmí, ẹ kú iṣẹ́ ìlú o lórí rédíò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Ọmọ Kétu ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ni mí. Mò ń ṣe búlọ́ọ̀kù tà ní Ìjẹ̀gùn, èmi ni ọ̀gá ara mi.

Mo lọ fúnra mi sí ọ́fíìsì ìmígíréṣọ̀n láti gba ìwé ìgbélùú títí láé. Nígbà tí wọ́n ní kí n tẹ̀ka, ẹ̀rọ wọn ò rí nǹkan kan. Sìmẹ́ńtì ti jẹ gbogbo ilà ìka mi. Ọ̀gá ibẹ̀ ò bínú ṣá. Ó ní kí n sinmi iṣẹ́ fóṣù kan, kí n máa fi òrí pa ọwọ́, ilà yóò padà.

Ṣùgbọ́n wọ́n tún ní àwọn lè wá wo ibi iṣẹ́ mi nígbàkigbà. Bí wọ́n bá bá a ní títì, wọn á ní mi ò níṣẹ́. Bí mo bá sì ń ṣiṣẹ́, ilà ò ní yọ.

Ẹ̀yin olùgbọ́, èwo ni kí n ṣe jàre? Láti ìgbà tí mo ti dé, bí búlọ́ọ̀kù bá ṣì tutù, mo máa ń tẹ àtàǹpàkò mọ́ igun rẹ̀, kí àwọn oníbàárà lè mọ tèmi. Ìka tí wọ́n ń wá lọ́wọ́ mi, ara ògiri ilé yín ló wà.