Osùn Ara Ọ̀pá Sínúkà

Ìkẹ́nnẹ́,
9/3/84

Ẹ̀gbọ́n mi Ọláwọlé,

Mo kí yín o, mo kí ìyàwó yín àti àwọn ọmọ ní Lẹ́ẹ̀dì nílùú Ọba. Ìyàwó mi ti bí obìnrin, tìyá-tọmọ ń ṣe dáadáa. Màmá ń jẹun, ojú wọn nìkan ni kò ríran mọ́.

Ẹni tó mú lẹ́tà yìí wá ló mú ọ̀pá sínúkà tí ẹ ní kí n gbẹ́ fún yín láti máa fi gbá bọ́ọ̀lù orí tábìlì dání. Ẹlẹ́ẹ̀kejì nìyẹn. Nínú osùn tí Màmá lọ̀ fún ọmọ tuntun ni mo bù kun ti àkọ́kọ́, mo gbàgbé pé àdí wà nínú rẹ̀. Gọ́ọ̀mù tí ẹ fi ránṣẹ́ pé kí n fi bò ó, èyí tí à ń po méjì pọ̀ tó ń le bíi díńgí, kò mú un rárá; ńṣe ló ń bó. Omi ni mo fi po osùn ti èyí, ẹ wo bó ṣe ń dán.

Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyí. Màmá fọwọ́ tọ́ èyí tó bàjẹ́ láti ìdí dé orí, wọ́n ní, “Èjìká Ọláwọlé ni èyí máa dé.” Wọ́n gbé e ti ibùsùn wọn. Láràárọ̀, tí wọ́n bá ti fi osùn pa ọmọ tán, wọ́n á fi ìyókù ọwọ́ wọn pa á.

Olúwa á ṣọ́ yín fún wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wálé. Ọmọ ni Màmá bí, wọn ò bí igi.

Àbúrò yín,
Oyèbọ̀dé