Iṣu Tuntun Tí Ẹ Kò Jẹ

Bàbá mi, Bàbá Oníṣu,

Ọmọ yín ló ń kọ̀wé yìí. Ọ̀sán ni. Ọmọ mi ti sùn, Ìyá wà lẹ́yìnkùlé, wọ́n ń yí ẹ̀gẹ́ tí wọ́n sá sóòrùn, ọkọ mi sì ki ẹsẹ̀ òsì bọ omi gbígbóná nítorí pé ó wú. Ẹsẹ̀ òsì yẹn náà ni, èyí tí ẹ fẹ́ràn. Mo mọ̀ pé ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ bi mí nìyẹn, kí ẹ tó béèrè àlàáfíà mi, kí ẹ tó béèrè ọmọ tí ẹ kò dúró rí. Ẹ fọkàn balẹ̀. Ó wú ni, kò ṣẹ́.

Mo ní ìròyìn fún yín. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ọ́ tán nísinsìnyí, ẹ ò ní gbọ́ ìyókù mọ́. Ẹ jẹ́ kí n ti ìdí rẹ̀ wá, kí ẹ sì ní sùúrù fún mi, sùúrù tí ẹ kì í ní létí pápá.

Ṣé ẹ rántí ọdún tí mo ti ilé-ìwé dé láti Àjàṣẹ́ fún ìsinmi, tí mo bá yín nídìí ògiri, tí ẹ gbé àwo gàrí síwájú, tí gbogbo ilé sì ń jẹ iyán iṣu làbókò tuntun? Mo rò pé ara yín kò yá. Èmi tí ohun gbogbo máa ń dẹ́rù bà, mo ti ń yọ́ ojú yín wò bóyá ó ti pọ́n. Ìyá ló bú sẹ́rìn-ín.

"Àìsàn kọ́. Bọ́ọ̀lù ni."

Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ pé Bassila ti na Manigri, ìlú wa, nínú bọ́ọ̀lù ọdọọdún tí à ń gbá lọ́jọ́ àjọ̀dún àwọn Faransé, àti pé ẹ dìde láàárín èrò, ẹ ní iṣu tuntun kò ní kan ẹnu yín mọ́ títí Manigri yóò fi borí Bassila. Ẹ̀yin! Àgbẹ̀ tí iṣu ń gbọ́ràn sí lẹ́nu! Ká ní ọtí lẹ kọ̀, ta ni ìbá bìkítà? Ṣebí ẹ kì í mutí tẹ́lẹ̀. Ohun tí ẹ fẹ́ràn jù lẹ mú.

Bẹ́ẹ̀ ẹ kò dì í ru ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ ń wa làbókò wá fún wa, ẹ̀yin lẹ ń mú èyí tó dára jù fún àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n èyí tí ẹ bá kọ́kọ́ wà nínú oko, ẹ kì í gbé e wálé. Ẹ ó gbé e rù, ó di Bassila, ó di ilé Sífù aránṣọ, aṣọ́lé wọn, ọkùnrin tí ọwọ́ rẹ̀ kò jẹ́ kí bọ́ọ̀lù wa kankan wọlé. Ẹ ní ẹni tó borí ni kó jẹ ẹ́. Lọ́dún àkọ́kọ́, wọ́n rò pé ẹ wá bẹ̀bẹ̀ ni. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ti ń dúró dè yín. Orúkọ yín ti yí padà níbẹ̀, ẹ ti di Bàbá Oníṣu, àwọn obìnrin ọjà wọn á sì máa pariwo sí yín láti òkèèrè pé, "Bàbá Oníṣu, ìkòkò ti wà lórí iná o!"

Ẹ̀yin náà á dá wọn lóhùn láìbojú wẹ̀yìn: "Ẹ jẹ ẹ́ dáadáa! Ẹ jẹ ẹ́ kí ẹ sanra, kí ẹ má lè sáré lọ́dún tó ń bọ̀!"

Mo ti bá àwọn tó kàwé jókòó, Bàbá. Mo ti rí àwọn tó mọ ọ̀rọ̀ Faransé sọ bí ẹni ń da omi. N kò tíì rí ẹni tó mọ̀ ọ́n pàdánù bíi yín. Tí àwọn ọ̀dọ́ wa bá ní oògùn ni Bassila fi gbá wa, ẹ ó ní, "Oògùn wo? Ẹsẹ̀ ni wọ́n lò. Ẹ lọ wá tiyín." Ẹ lè pariwo títí ohùn yín yóò fi há, ẹ lè bá bọ́ọ̀lù sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ewúrẹ́ alágídí sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ kí ẹ bú ọmọ ẹlòmíràn rí. Ohun kan ṣoṣo tí ẹ kò lè ṣe ni kí ẹ wo penáltì. Bí wọ́n bá ti gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀ báyìí, ẹ ti kẹ̀yìn sí pápá, ẹ ti fi eyín di etí fìlà yín mú, ẹ wá ń wo ojú àwọn èrò. Ojú àwọn èrò ló máa sọ fún yín bóyá ó wọlé. Kí lẹ ń rí nínú ojú wa, tí kò sí nínú bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀? Mo máa ń fẹ́ bi yín, n kò bi yín.

N kò sì bi yín bóyá nítorí ẹsẹ̀ òsì yẹn lẹ ṣe fi mí fún ọkọ mi. Ìyá ní òótọ́ ni. Wọ́n ní nígbà tí àwọn ará ilé rẹ̀ wá tọrọ mi, tí àwọn àgbà ń béèrè ìwà, tí wọ́n ń béèrè oko, ẹ kàn ní, "Ọmọ yẹn kì í gbá bọ́ọ̀lù fún ara rẹ̀ nìkan. Ẹ fún un." Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá, ẹ ṣeun. Ẹ ríran.

Wàyí o, ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń bo ilẹ̀ lé yín lórí, ọyẹ́ ń fẹ́, oyún ọmọ yìí wà nínú mi, mo sọ nínú ọkàn mi pé ohun tí ẹ kọ̀, èmi náà kọ̀ ọ́, títí a óò fi borí wọn. Ta ló rán mi? Kò sẹ́ni tó rán mi. N kò fẹ́ kó jẹ́ pé ẹ kú tán, kó wá di pé a pa ọ̀rọ̀ yín pọ̀ mọ́ aṣọ yín, a gbé e sínú àpótí.

Ṣùgbọ́n ìgbà tí ojú ọ̀run là, tí ọmọ dé, tí iṣu èṣí tán nínú àká, ni mo mọ ohun tí mo gbé rù. Iṣu tuntun ti ń jáde lóko àwọn aládùúgbò. Ìyá ń gún un, òórùn rẹ̀ ń bá mi nínú yàrá, èmi ń po gàrí. Ọmọ a mu ọmú, a sunkún, a tún mu. Ní ìrọ̀lẹ́ mi ò lè ṣe kí n má tẹ itan rẹ̀ wò bóyá ẹran ti dín. Ìyá bínú gan-an.

"Bàbá rẹ kò fún ọmọ lọ́mú rí. Ẹnu ara rẹ̀ nìkan ló fi búra. Ìwọ, ẹnu mélòó lo fi búra?"

Ọkọ mi náà kò dákẹ́: "Àbí bọ́ọ̀lù ló ń sun wàrà ni?"

Wọ́n sọ òótọ́, ó sì dùn mí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù mìíràn wà tí n kò sọ fún wọn. Ebè tó wà lóko ọdún yìí, ẹ̀yin lẹ kọ ọ́. Ẹ̀yin lẹ gbìn ín, ẹ̀yin lẹ fi koríko dé e lórí kí oòrùn má bàa jó o, kí ọyẹ́ tó mú yín lọ. Bí a bá jẹ ìwọ̀nyí tán, kò tún sí iṣu tí ọwọ́ yín gbìn láyé mọ́. Bí Manigri kò bá sì borí, gbogbo ayé ni yóò jẹ nínú rẹ̀, àfi èmi.

Ohun tí mo gbé dé pápá Bassila lọ́jọ́ bọ́ọ̀lù ọdún yìí nìyẹn, pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́. A wọ kámíọ̀nù, ọkọ̀ akẹ́rù oníṣòwò kan, àwọn ọ̀dọ́ ń kọrin lókè ẹrù, mo di ọmọ mú bí ẹyin. Òjò ti rọ̀ láàárọ̀, ilẹ̀ ti rin gbingbin. A kò tíì sọ̀ tán tí àwọn obìnrin wọn fi bẹ̀rẹ̀: "Ará Manigri, iṣu dà? Ìkòkò ti wà lórí iná o!"

Gbogbo wa wo ibi tí ẹ máa ń dúró sí. Àyè yín ṣófo, Bàbá. Ohùn yín là ń dúró dè. Ìgbà tó yá, mo gbọ́ ohùn kan, ohùn mi ni: "Ẹ jẹ ẹ́ kí ẹ sanra, kí ẹ má lè sáré!" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, àwa náà rẹ́rìn-ín, ìyá àgbà kan ní ìhà ọ̀dọ̀ wọn sì fi etí ìró nu omijé.

Wọ́n gbá a. Bọ́ọ̀lù ti mu omi, ó wúwo bí ọmọ ọlọ. Wọ́n dé ẹnu ilé wa títí, a lé wọn padà títí. Lẹ́yìn ìsinmi, bọ́ọ̀lù kan yọ́ gba ẹ̀gbẹ́, ó bọ́ sí ẹsẹ̀ òsì ọkọ mi. Ẹ mọ ìyókù. Sífù fò, ọwọ́ rẹ̀ kàn án, bọ́ọ̀lù tẹ ọwọ́ náà sẹ́yìn, ó wọlé.

Ó wọlé, Bàbá! Àwọn ọkùnrin tó ti bí ọmọ ń yí nínú ẹrọ̀fọ̀. Ẹnìkan tí n kò mọ̀ rí gbá mi mọ́ra. Àwọn kan ń wo ife ẹ̀yẹ tó wà níwájú kòmándà, òyìnbó tó ń ṣàkóso wa, ṣùgbọ́n èmi, itọ́ ló kún ẹnu mi. Iṣu yín ni mo ń rò. Mo ti ń gún un.

Ó kù díẹ̀ kí wọ́n fọn fèrè ìparí, bọ́ọ̀lù kan ọwọ́ ọ̀kan nínú àwọn tiwa nítòsí ilé wa. Àwọn ọ̀dọ́ ń búra pé kò kàn án. Ó kàn án. Mo rí i. Ẹ̀yin náà ìbá sọ bẹ́ẹ̀, wọn ìbá sì bínú sí yín.

Wọ́n gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀ fún penáltì. N kò mọ ìgbà tí mo kẹ̀yìn sí pápá. Mo gbé ọmọ sí èjìká, mo ń wo ojú àwọn èrò, mo fi eyín di etí gèlè mi mú. Ìgbà yẹn ni mo rí ohun tí ẹ máa ń rí. Gbogbo ojú ń wo ọ̀kánkán, kò sí tẹni tó pamọ́, kò sí olówó, kò sí tálákà, ojú àgbà dà bí ojú ọmọ. Ó rẹwà, Bàbá. Ṣé ohun tí ẹ máa ń wò nìyẹn? Ọmọ mi nìkan ló kọjú sí bọ́ọ̀lù, láti orí èjìká mi. Òun ló bá wa wò ó. Lẹ́yìn náà, ojú àwọn tiwa rẹ̀wẹ̀sì lẹ́ẹ̀kan náà, mo sì mọ̀.

Ọ̀mì. Láti ọjọ́ tí ẹ ti búra, kò sí ọ̀mì rí. Nínú kámíọ̀nù, wọ́n ń jà lé e lórí.

"Ọ̀mì kì í ṣe ìborí."

"Kì í sì í ṣe pé wọ́n nà wá!"

"Kí ọmọ Bàbá Oníṣu jẹ iṣu àbí kí ó má jẹ ẹ́?"

Bàbá àgbà kan ní, "Ẹni tó kọ́kọ́ búra ni kí ẹ lọ bi."

Ṣé ẹ rí i, Bàbá? Ẹ kò sọ ti ọ̀mì fún wa.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo lọ sóko. N kò mọ̀ bóyá mo lè jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí àkọ́wà yín máa ń lọ. Mo tú ẹ̀gbẹ́ ebè bí ẹ ṣe kọ́ mi, mo gé iṣu lábẹ́ orí rẹ̀, mo dá orí padà sáyè rẹ̀, mo sì fi erùpẹ̀ bò ó kí ó lè tún ta. Mo gbé iṣu rù, mo pọn ọmọ, mo dojú kọ ọ̀nà Bassila.

N kò tíì dé ìdajì ọ̀nà tí mo rí kẹ̀kẹ́ kan tó ń bọ̀, iṣu wà lẹ́yìn rẹ̀. Sífù ni. Ó ń sọ Nàgó, èdè wa, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń tẹ orí òkúta sọdá odò.

"Ọmọ Bàbá Oníṣu! Níbo?"

"Ilé yín ni, ẹ̀gbọ́n. Mo ń gbé iṣu yín bọ̀."

"Ilé yín lèmi náà ń lọ. Iṣu yín ló wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́."

"Ọ̀mì ni a gbá o."

"Ọ̀mì fún àwọn tó ń wòran. Èmi ni mo wà nínú ilé. Bọ́ọ̀lù yín gba ọwọ́ mi kọjá. Ẹ nà mí."

Mo rẹ́rìn-ín, mo sì ń sunkún. A yà sí abẹ́ igi èmí kan, èyí tí wọ́n ń fi èso rẹ̀ ṣe òrí, ó dá iná, ó ti iṣu oko yín bọ̀ ọ́. Bí iṣu ṣe ń jóná ló sọ ohun tí n kò mọ̀ fún mi.

"Wọn kì í gbé e sílẹ̀ kí wọ́n lọ, bàbá yín. Wọ́n máa ń jókòó tì mí títí n óò fi jẹ ẹ́. Wọ́n á máa wo ẹnu mi. Wọ́n á ní, 'Sífù, ṣé ó dùn?' Èmi á ní ó dùn, Bàbá. Wọ́n á mi orí bí ẹni tó ti yó, wọ́n á dìde."

Ó ha eèpo rẹ̀, ó dá a sí méjì. "Tiyín wọlé, tiwa wọlé," ló wí. "Ìdajì, ìdajì." Ó na tèmi sí mi.

Mo jẹ ẹ́, Bàbá. Ìdajì ni mo jẹ, n kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdajì tó kù di ọdún tó ń bọ̀, orí rẹ̀ ṣì wà nínú ebè yín, yóò ta. Ṣùgbọ́n nítorí pé ẹ ti ń béèrè láti ọjọ́ yìí, tí ó sì jẹ́ pé ẹnu ẹlòmíràn ni ẹ ti ń gbọ́ ọ, mo ní kí èmi tí mo jẹ́ ẹnu yín sọ ọ́ fún yín. Ó funfun nínú. Ó rọ̀. Sífù sọ̀rọ̀ jù, ó jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ kan jóná, ibẹ̀ gan-an ló sì dùn jù.

Ó dùn, Bàbá.

Ọmọ ti jí, ó ń ké, aṣọ àyà mi sì ti tutù fún wàrà kí n tó dìde. Ẹ jẹ́ kí n lọ.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí òun náà kì í wo penáltì.