Mo Kọ Ojú Fóònù Sí Ògiri

                                        Ilé Aláwọ̀ Ewé,
                                        Ẹ̀yìn Ibùdókọ̀ Àtijọ́.
                                        Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹsàn-án.

Ẹlẹ́rìn-ín, ọ̀rẹ́ àtìgbà èwe mi,

Mo kí ọ, mo kí ilé, mo kí ọ̀nà jíjìn tí kò jẹ́ ká rí ara wa. Ẹsẹ̀ Màmá ńkọ́? Ṣé wọ́n ti ń dìde fúnra wọn? Àwọn ìbejì ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń jà lórí ẹni tó máa jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé? Bàbá wọn ńkọ́, ṣé iṣẹ́ ń lọ? Má bínú pé lẹ́tà rẹ méjèèjì dé tí mi ò fèsì. Mo kà wọ́n ní àkàtúnkà. Bí mo bá gbé bírò báyìí, ọwọ́ mi á kọ̀.

O ti gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn pé bàbá ọmọ mi ti lọ. Ìwọ tí a jọ kọ́ irun dídì lábẹ́ ọ̀gá kan ṣoṣo, ẹnu tèmi ló yẹ kí o ti gbọ́ ọ. Nígbà tí àìsàn yìí gbòde tí wọ́n ní kí kálukú tilẹ̀kùn, ojú ọ̀nà ló wà pẹ̀lú ọkọ̀ àjàgbé rẹ̀. Ó wọlé tòun ti ikọ́. Ó ní eruku ni. Nígbà tó yá, kò lè sọ gbólóhùn kan kó parí rẹ̀ mọ́. Àwọn tó wá gbé e bo ara wọn láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, mi ò mọ èwo lọ́kùnrin, mi ò mọ èwo lóbìnrin. Ẹnu géètì ọsibítù ni mo dé mọ. Nọ́ọ̀sì kan ló máa ń gbé fóònù síwájú rẹ̀ kí n lè rí i. Lọ́jọ́ tó sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, ohun tó bi mí ni pé, "Ṣé o ti jẹun?"

Orí fóònù yẹn ni mo ti gbọ́ pé ó kú. Orí rẹ̀ náà ni mo ti wo ìsìnkú. Ẹni tó ń fi fóònù tirẹ̀ fi ibojì hàn mí kò gbé e sókè dáadáa, iyẹ̀pẹ̀ àti bàtà àwọn èèyàn ni mo rí jù. Kí wọ́n tó bò ó tán, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ.

Àwọn èèyàn ń kọ̀wé sí mi pé ikú tí ì bá pani, tó bá ṣí ni ní fìlà, ká máa dúpẹ́. Ẹlẹ́rìn-ín, èmi ò rí fìlà kankan tó ṣí. Orí ló gbé lọ.

Ṣọ́ọ̀bù wà ní títì. O mọ̀ pé iṣẹ́ onídìrí kì í ṣe irun nìkan; ẹnu ni, ẹ̀rín ni, ọ̀rọ̀ ilé onílé ni. Ó wá di pé èmi nìkan ni mò ń jókòó láàárín àwọn àga òfìfo, tí gbogbo dígí ń fi èmi kan náà hàn mí. Mo da aṣọ bò wọ́n. Mi ò wẹ̀, mi ò dáná. Ọmọ mi obìnrin tó wà lókè òkun kò lè wá, ọkọ̀ òfuurufú kankan kò gbéra. Òun ló bá mi wá olùdámọ̀ràn kan lórí ayélujára, ẹni tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa tẹ́tí sí àwọn tí ọkàn wọn ti dàrú. Mo ní, "Ṣé ẹni tí kò mọ ọkọ mi rí ló máa bá mi ṣọ̀fọ̀ rẹ̀?" Ó ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe é nítorí tèmi."

Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, nẹ́tíwọ́ọ̀kì dá obìnrin olùdámọ̀ràn náà dúró lójú fóònù tòun ti ẹnu ní yíyà, bí ẹni tó fẹ́ sín tí kò rí i sín. Mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún. Kò dàgbà ju ọmọ mi lọ. Mo ń gbọ́ igbe ọmọ ọwọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó padà, mo sọ fún un pé mi ò lè wo ojú rẹ̀, nítorí inú fóònù yìí ni ọkọ mi wọ̀ tí kò jáde mọ́. Kò bá mi jiyàn. Ó ní, "Ẹ kọ ojú fóònù sí ògiri, mà. Etí ni mo gbé wá, ojú ò ṣe dandan." Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Màá máa ká tówẹ̀lì ṣọ́ọ̀bù, màá tú wọn, màá tún wọn ká, màá máa sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ kan ló bi mí, wọ́ọ́rọ́wọ́, bóyá ó ti ń wá sí mi lọ́kàn láti pa ara mi. Ẹlẹ́rìn-ín, ó ti ń wá. Mi ò sọ fún ọmọ mi, mi ò sọ fún ìwọ náà. Mo sọ ọ́ fún ògiri. Obìnrin náà kò pariwo, kò wàásù fún mi. Ó bi mí pé ta ló sún mọ́ mi jù. Mo ní télọ̀ tó ń gbé lókè ni. Kò jẹ́ kí n pa fóònù títí mo fi pe ọkùnrin náà wá sẹ́nu ọ̀nà. Láti ìgbà náà, láràárọ̀, télọ̀ á fi ìdí sísọ́ọ̀sì kan ilẹ̀kùn mi.

"Aládùúgbò, ṣé ẹ wà?"

"Mo wà."

"Ó dáa."

Kò ní ọ̀rọ̀ mìíràn, ṣùgbọ́n kò pa ọjọ́ kan jẹ.

Mi ò ní purọ́ fún ọ pé ara mi yá. Mo kàn bẹ̀rẹ̀ sí í rí oorun sùn ni. Mo se ìrẹsì lọ́jọ́ kan, mo sì jẹ ẹ́ tán.

Àfi bí àtẹ̀jíṣẹ́ ṣe wọlé láti ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn mi pé kò ní lè bá mi sọ̀rọ̀ mọ́, àìsàn yẹn ti mú un. Mo bi wọ́n bóyá ara rẹ̀ ń yá. Wọ́n ní àwọn kì í sọ ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ àwọn síta. Mo bi wọ́n pé ta ló ń tọ́jú ọmọ ọwọ́ rẹ̀. Wọn ò dáhùn. Mi ò mọ ilé rẹ̀, mi ò mọ èèyàn rẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá mò ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ ni tàbí mò ń dúró dè é.

Ọkùnrin kan ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ohùn rẹ̀ tutù, ó mọ ọ̀wọ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀." Mo pa fóònù. Ìbẹ̀rẹ̀ wo? Ṣé kí ọkọ mi tún wúkọ́ wọlé ni? Kí wọ́n tún wá gbé e? Télọ̀ àti ọmọ mi ló bẹ̀ mí tí mo fi padà sí i. Mò ń dáhùn ohun tó bá bi mí. Ìdajì ni mò ń sọ. Ìdajì tó kù, àárẹ̀ ti mú mi lórí rẹ̀.

Wọ́n ti ní ká ṣílẹ̀kùn báyìí, mo sì ti ṣí i. Kò sẹ́ni tó wọlé. Ọwọ́ ẹlòmíràn ṣì ń ba àwọn èèyàn lẹ́rù. Ohun tó ń dunni ló ń pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Má bínú pé mo kó gbogbo rẹ̀ lé ọ lórí.

Bá mi kí Màmá, bá mi kí olórí ilé, gbé àwọn ìbejì mọ́ra fún mi. Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní. Má pè mí lórí fóònù. Bí ọ̀nà bá gbà ọ́, wá. Má ronú ọ̀rọ̀ ìtùnú kankan sílẹ̀. Sáà jókòó sórí àga kí n di irun fún ọ. Ó ti pẹ́ tí ọwọ́ mi ti kan orí èèyàn.

Èmi ni tìrẹ, ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù,

Olóòyà.